Ìmìra Àìròtẹ́lẹ̀ Nínú Yoga: Ẹ̀kọ́ Lórí Kundalini



Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí ohun kan tí ó ti ilẹ̀ Íńdíà wá, ṣùgbọ́n tí ó ti tàn dé ìlú púpọ̀ ní ayé. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Niu Yọ́ọ̀kì, àti ní Èkó pẹ̀lú, a rí àwọn ènìyàn tí ń kọ́ yoga: òmíràn nítorí ẹ̀yìn tí ń dùn ún, òmíràn nítorí àìróorunsùn, òmíràn nítorí pé ó ń wá ìfọ̀kànbalẹ̀. Ọ̀pọ̀ jùlọ nínú wọn ń ṣe é, wọ́n sì ń padà sí ilé wọn ní àlàáfíà. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ẹnì kan tí ó jókòó jẹ́ẹ́, tí ó di ojú rẹ̀, tí ó sì ń kíyè sí èémí rẹ̀, a ṣàdédé rí i pé orí òun ń yí, tàbí pé apá òun gbé ara rẹ̀ sókè, tàbí pé gbogbo ara òun ń gbọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni òun kò fi inú fẹ́ ẹ. Àwọn ará Íńdíà ní orúkọ fún irú ìmìra yìí, wọ́n sì ní ìtàn gígùn nípa rẹ̀.

Ìdájọ́ méjì ni àwọn ènìyàn máa ń yára ṣe lórí ẹni tí irú èyí bá dé bá. Àwọn kan a ní orí rẹ̀ ti dàrú, wọn a sì máa sá fún un. Àwọn mìíràn a ní ó ti dé ipò àwọn ẹni mímọ́, wọn a sì máa tẹrí ba fún un. Ìdájọ́ méjèèjì ni ó ti pa ènìyàn lára. Ẹni tí a pè ní wèrè lè gbà á gbọ́, kí ọkàn rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì. Ẹni tí a pè ní ẹni mímọ́ pẹ̀lú lè gbà á gbọ́, kí ó sì kọ oògùn tí ì bá gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ kí olúkúlùkù mú ohun kan ṣoṣo dání nínú ẹ̀kọ́ yìí: ìmìra náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe wèrè, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìwà mímọ́. Ohun tí a ń bá pàdé lójú ọ̀nà ni, kì í ṣe òpin ìrìn àjò.

I. ÌTUMỌ̀ ÀWỌN Ọ̀RỌ̀

Sanskrit ni èdè àtijọ́ tí a fi kọ àwọn ìwé yoga. Nínú èdè náà, kundala ni òrùka tàbí ohun tí ó ká; nítorí náà kundalini túmọ̀ sí ẹni tí ó ká jọ. Àwọn olùkọ́ Tantra, èyí tí í ṣe ẹ̀ka kan nínú ẹ̀kọ́ àwọn Híńdù, ń kọ́ni pé agbára kan ń bẹ nínú olúkúlùkù ènìyàn. Shakti ni wọ́n ń pe agbára náà, gẹ́gẹ́ bí obìnrin ni wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní ó sùn sí ìdí ọ̀pá ẹ̀yìn, bí ejò tí ó ká ara rẹ̀ ní ìgbà mẹ́ta àti ààbọ̀. Bí ó bá jí, yóò gba ọ̀nà àárín ọ̀pá ẹ̀yìn, tí à ń pè ní sushumna, gòkè lọ sí àtàrí. Ọ̀nà méjì mìíràn wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ida, tí í ṣe ọ̀nà òtútù, àti pingala, tí í ṣe ọ̀nà ooru. Ibùdó mẹ́fà ni agbára náà sì ní láti là kọjá kí ó tó dé àtàrí: ìdí ọ̀pá ẹ̀yìn, ibi ìbí, ìdodo, ọkàn-àyà, ọ̀fun, àti iwájú orí. Àwọn ibùdó wọ̀nyí ni à ń pè ní chakra.

Kí olùkàwé má ṣe rò pé bí oníṣègùn bá la òkú ènìyàn, yóò rí àwọn ibùdó wọ̀nyí bí ó ti ń rí ẹ̀dọ̀ tàbí ọkàn. Àwọn olùkọ́ Tantra fúnra wọn kò sọ bẹ́ẹ̀. Ara àìrí ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, èyí tí ẹni tí ń ṣe àṣàrò ń mọ̀ nínú ara rẹ̀, tí ẹlòmíràn kò sì lè fi ọwọ́ kàn.

Ní ọdún 1577 ni Purnananda, ará Bẹ̀ngálì, kọ ìwé kan lórí àwọn ibùdó mẹ́fà náà. Ní 1919, Sir John Woodroffe, ẹni tí ó jẹ́ adájọ́ ní ilé ẹjọ́ gíga ìlú Calcutta, tẹ ìtumọ̀ ìwé náà jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì nínú ìwé tí ó pè ní The Serpent Power. Arthur Avalon ni orúkọ tí ó fi sí ara rẹ̀. Nípasẹ̀ ìwé yìí ni ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Yúróòpù fi gbọ́ nípa kundalini. Ní 1932, Carl Jung, oníṣègùn ọkàn tí òkìkí rẹ̀ kàn, kó àwọn ènìyàn jọ ní ìlú Zürich láti kẹ́kọ̀ọ́ nípa rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí ó máa ń da ènìyàn rú, èyí ni kriya. Ìṣe ni ìtumọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n a ń lò ó ní ọ̀nà púpọ̀. Nínú àwọn ìwé hatha yoga, ó lè túmọ̀ sí fífọ ara mọ́ nínú, bí àpẹẹrẹ fífi omi fọ ihò imú. Nínú ẹ̀kọ́ Yogi Bhajan, ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà ní 1969, ó túmọ̀ sí ọ̀wọ́ eré ara tí a ti là sílẹ̀ ṣáájú, tí olùkọ́ ń darí. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀kọ́ tiwa ti òní, ìmìra àìròtẹ́lẹ̀ ni kriya, èyí tí ẹnikẹ́ni kò darí.

II. BÍ ÌMÌRA NÁÀ TI Ń RÍ

Kì í ṣe irú kan ṣoṣo. Èyí tí ó rọrùn jù ni kí ara ta gìrì lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì tún rọ̀. Òmíràn a máa mì síwá sẹ́yìn lórí ìjókòó rẹ̀. Orí a máa yí sí ọ̀tún àti sí òsì. Ọwọ́ a gbé ara rẹ̀ sókè, àwọn ìka a sì ká gẹ́gẹ́ bí a ti ń rí i lára àwọn ère ilẹ̀ Íńdíà, èyí tí à ń pè ní mudra. Ẹni tí kò kọ́ ìjókòó yoga kan rí lè rí i pé ara òun ń tẹ̀, ó sì ń nà, títí yóò fi bọ́ sí ìjókòó náà. Èémí pẹ̀lú kì í dúró ní ipò rẹ̀: a máa yára bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, a sì máa dúró fún ìgbà díẹ̀. Àwọn kan a rẹ́rìn-ín, àwọn kan a sunkún, àwọn kan a ké bí ẹranko.

Ohun méjì ni a ní láti kíyè sí. Èkínní, ẹni náà sábà máa ń mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí i. Ó ń gbọ́ ohùn àwọn tí ó wà nítòsí, yóò sì rántí gbogbo rẹ̀ lẹ́yìn náà. Nínú èyí ni ó fi yàtọ̀ sí ohun tí àwọn baba wa mọ̀ lára ẹlẹ́gùn, ẹni tí a ń sọ pé òrìṣà gùn, tí kì í sì í rántí ohun tí ó ṣe. Èkejì, bí ó bá la ojú rẹ̀, tí ó dìde, tí ó sì mu omi díẹ̀, ìmìra náà sábà máa ń dá. A óò padà sórí ohun méjì yìí, nítorí pé nípa wọn ni a fi lè mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti di ti oníṣègùn.

Àlàyé tí àwọn olùkọ́ kundalini ń ṣe ni pé ohun ìdènà púpọ̀ wà ní àwọn ọ̀nà inú ara, àti pé bí agbára náà ti ń gòkè, ó ń tì wọ́n kúrò, gẹ́gẹ́ bí omi òjò ti ń ti ewé àti ẹrẹ̀ kúrò nínú gọ́tà. Wọ́n ní ìmìra ni ariwo tí iṣẹ́ náà ń pa. Bí ọ̀nà bá ti mọ́, ariwo a dákẹ́.

III. OHUN TÍ ÀWỌN ÌWÉ ÀTIJỌ́ WÍ

Ó yẹ kí ẹni tí ó bá ń fi ìmìra ṣògo mọ ibi tí àwọn àgbà ilẹ̀ Íńdíà fi í sí. Ní ilẹ̀ Kashmir, ní nǹkan bí ọdún 1000, ọ̀mọ̀wé ńlá kan wà tí à ń pè ní Abhinavagupta. Nínú ìwé rẹ̀ tí ń jẹ́ Tantraloka, ó ṣàlàyé àmì márùn-ún tí ìwé tí ó ṣáájú tirẹ̀ ti kà sílẹ̀. Àwọn náà ni ayọ̀, fífò sókè, ìgbọ̀nrìrì, oorun tí kì í ṣe oorun lásán, àti òòyì. Ẹ kíyè sí i pé ìgbọ̀nrìrì ni ẹ̀kẹta nínú márùn-ún.

Ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún ni Svatmarama kọ Hathapradipika, ìwé tí àwọn olùkọ́ yoga mọ̀ jù nípa ìjókòó àti ìdarí èémí. Nígbà tí ó ń sọ nípa ìdarí èémí, ó pín in sí ipele mẹ́ta. Ní ipele ìsàlẹ̀, ara a máa làágùn. Ní ipele àárín, ara a máa gbọ̀n. Ní ipele òkè, èémí a dúró ní ibi tí ó yẹ. Nítorí náà, ẹni tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n wà ní àárín ọ̀nà. Kò burú pé ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá tẹ́ ẹní rẹ̀ síbẹ̀, tí ó sì ń pe àwọn ènìyàn wá wòran, kò ní dé ibi tí ó ń lọ.

Ìwé yìí kan náà kìlọ̀ pé díẹ̀díẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ tọ́ èémí, gẹ́gẹ́ bí a ti ń tọ́ kìnnìún, erin àti ẹkùn títí tí wọn yóò fi gbọ́ràn, nítorí pé ẹni tí ó bá fi ipá ṣe é, yóò pa ara rẹ̀. Àwọn baba wa kò mọ Svatmarama, ṣùgbọ́n wọ́n ti wí pé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò ń gun àgbọn.

IV. Ẹ̀RÍ ÀWỌN TÍ Ó DÉ BÁ

Ọ̀gbẹ́ni Gopi Krishna, tí a bí ní 1903, jẹ́ akọ̀wé ìjọba ní ilẹ̀ Kashmir. Fún ọdún mẹ́tàdínlógún ni ó fi ń jí ní kùtùkùtù láti ṣe àṣàrò, láìní olùkọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1937, ní ìlú Jammu, bí ó ti jókòó, ó gbọ́ ìró bí ti omi tí ń já láti orí àpáta, ó sì mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ kan gba ọ̀pá ẹ̀yìn òun wọ inú orí òun. Ara rẹ̀ mì, ó sì dàbí ẹni pé ó jáde kúrò nínú ara. Àwọn ọjọ́ tí ó tẹ̀lé e kì í ṣe ọjọ́ ayọ̀. Kò lè jẹun, kò lè sùn, ooru ń jó o nínú bí iná, ẹ̀rù wèrè sì ń bà á. Ó wá ẹni tí yóò tọ́ ọ sọ́nà, kò rí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó gbà kí ara rẹ̀ tó padà bọ̀ sípò, ó sì kà á sí ohun pàtàkì pé òun ń jẹun ní àkókò. Ní 1967 ni ó tẹ ìtàn náà jáde. Ó kú ní 1984.

Swami Muktananda, tí a bí ní 1908, ní olùkọ́ ní tirẹ̀. Nityananda ti Ganeshpuri, ní ẹ̀bá ìlú Bombay, ni olùkọ́ náà, ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ ọdún 1947 ni ó sì fi agbára náà fún un. Shaktipat ni orúkọ irú ìfifúnni bẹ́ẹ̀: wọ́n ní olùkọ́ lè fi ìfọwọ́kàn, tàbí ìwò ojú, tàbí ọ̀rọ̀ ẹnu, tàbí èrò ọkàn jí kundalini nínú ọmọ ẹ̀yìn. Lẹ́yìn èyí, Muktananda lọ gbé nínú ahéré kan. Níbẹ̀ ni ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́, tí ó ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́, tí ó sì ń bú bí kìnnìún. Ó rò pé òun ti ya wèrè. Ìgbà tí ó rí ìwé kan tí ó sọ pé irú nǹkan wọ̀nyí ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn ẹlòmíràn ni ọkàn rẹ̀ tó balẹ̀. Nínú ìtàn yìí a rí i pé ìbẹ̀rù jẹ́ ìdajì ìnira náà, àti pé àlàyé rere lè mú un kúrò.

Ẹ̀kẹta ni Swami Kripalvananda, ọmọ ilẹ̀ Gujarat, tí a bí ní 1913. Òun kọ́ni pé láti inú ìmìra àìròtẹ́lẹ̀ ni àwọn ìjókòó yoga ti kọ́kọ́ jáde wá, kí ẹnikẹ́ni tó kọ wọ́n sínú ìwé. Ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, Amrit Desai, ti ń gbé ní Amẹ́ríkà nígbà tí irú ìmìra bẹ́ẹ̀ dé bá a ní 1970, lórí rẹ̀ ni ó sì gbé ẹ̀kọ́ tí ó pè ní Kripalu Yoga kalẹ̀. Kripalvananda fúnra rẹ̀ wá sí Amẹ́ríkà ní 1977, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1981, ọdún tí ó kú. Kì í ṣe ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ni ó fi àkókò rẹ̀ kó jọ. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ àti àṣàrò wákàtí púpọ̀ lójúmọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀.

V. A RÍ I NÍBÒMÍRÀN PẸ̀LÚ

Bí ó bá jẹ́ pé ilẹ̀ Íńdíà nìkan ni ara ti ń mì báyìí, à bá wí pé ẹ̀kọ́ wọn nìkan ni ó ń fà á. Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1739, nígbà tí John Wesley, àlùfáà Ìjọ Ẹ́ńgláńdì, ń wàásù ní ìlú Bristol, àwọn kan nínú àwọn olùgbọ́ rẹ̀ ṣubú, wọ́n gbọ̀n, wọ́n sì ké. Ó kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1801, ní Cane Ridge ní ìpínlẹ̀ Kentucky, ní àpéjọ ńlá àwọn Kristẹni, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ara wọn ń ta gìrì tí wọn kò lè dá a dúró. Ní erékùṣù Java, Muhammad Subuh bẹ̀rẹ̀ sí í rí irú ìmìra bẹ́ẹ̀ ní 1925, ẹgbẹ́ Subud tí ó ti inú rẹ̀ jáde sì dé Ẹ́ńgláńdì ní 1957. Ní ilẹ̀ Ṣáínà, ní àwọn ọdún 1980, ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣe qigong ni ara wọn ń mì fúnra rẹ̀, qi ni wọ́n sì ń pe agbára tí ó fà á.

Ní 2017, Jared Lindahl, Willoughby Britton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n ti fọ̀rọ̀ wá 60 ènìyàn lẹ́nu wò, àwọn ará ìwọ̀-oòrùn ayé tí ń ṣe àṣàrò ní ọ̀nà àwọn ẹlẹ́sìn Búdà, kì í ṣe ní ọ̀nà kundalini. Ìmìra àìròtẹ́lẹ̀ wà lára ohun tí àwọn wọ̀nyí pẹ̀lú ròyìn. Láti inú gbogbo èyí, a lè sọ pé ara ènìyàn ni ó ní ìṣe yìí nínú. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ni ó sì ń fún un ní orúkọ àti ìtumọ̀.

VI. OHUN TÍ ÌMỌ̀ ARA LÈ SỌ FÚN WA

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi èémí. Ẹni tí ń mí bí ẹwìrì fún ìgbà pípẹ́ ń lé afẹ́fẹ́ kábọ̀n-dáyọ́ksáìdì jáde kúrò nínú ara rẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Nítorí èyí, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yí padà, kásíọ̀mù tí ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ náà dín kù, iṣan a sì máa ta fún ohun kékeré. Ètè àti ìka a máa ṣe é bí ẹni pé abẹ́rẹ́ ń gún un, òòyì a máa kọ́ ọ, ọwọ́ rẹ̀ a sì ká gan-an láìjẹ́ pé ó ká a. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mí bẹ́ẹ̀ ni èyí lè dé bá, ìbáà gba kundalini gbọ́ tàbí kí ó má gbà á gbọ́.

Èkejì ni ààlà oorun. Gbogbo wa ni a mọ bí ara ti ń ta gìrì nígbà tí oorun fẹ́ gbé wa lọ. Ẹni tí ń ṣe àṣàrò jinlẹ̀ wà nítòsí ààlà náà, ara rẹ̀ sì rọ̀.

Ẹ̀kẹta ni ohun tí William Carpenter, oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé ní 1852, pé èrò nìkan tó láti mú ẹ̀yà ara ṣiṣẹ́, láìjẹ́ pé ẹni náà mọ̀ pé òun ni ó mú un ṣiṣẹ́. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, Michael Faraday fi ìdánwò kan hàn án. Ní ìgbà náà, àwọn ènìyàn a máa gbé ọwọ́ lé tábìlì, tábìlì a sì máa yí. Wọ́n ní ẹ̀mí ni ó ń yí i. Faraday to páálí lé ara wọn sí àárín ọwọ́ àti tábìlì, ó sì fi ohun rírọ̀ lẹ̀ wọ́n pọ̀, kí ó lè mọ èyí tí ó kọ́kọ́ sún. Ó rí i pé ọwọ́ ni ó ń ti tábìlì, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó ni ọwọ́ náà ń fi òtítọ́ inú wí pé tábìlì ni ó ń fa àwọn. Wọn kò purọ́. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá wà láàárín ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ń retí ìmìra, tí ara àwọn tí ó yí i ká sì ń mì, kò yẹ kí ẹnu yà wá bí ara tirẹ̀ pẹ̀lú bá mì. Kì í ṣe pé ó ń ṣe àgàbàgebè.

Ǹjẹ́ èyí parí ọ̀rọ̀ bí? Rárá. Àlàyé èémí kò kan ẹni tí ń mí jẹ́jẹ́, àlàyé ìretí kò sì kan ẹni tí kò gbọ́ nípa kundalini rí. Ìmọ̀ ara lè sọ bí iṣan ti ń ta fún wa. Kò lè sọ ohun tí ẹni náà yóò fi ìyókù ayé rẹ̀ ṣe.

VII. EWU MÉJÌ

Ewu kìíní ni àìsàn tí a fi orúkọ kundalini bò mọ́lẹ̀. Wárápá lè mú kí ara ta gìrì, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwọn àìsàn iṣan mìíràn. Àìsàn ọpọlọ kan sì wà tí ó máa ń fún ènìyàn ní agbára tí kò mọ àárẹ̀, tí kì í jẹ́ kí ó sùn, tí ó sì máa ń mú un rò pé a ti yàn án fún iṣẹ́ ńlá. Bí olùkọ́ kan bá sọ fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ pé kí ó jù oògùn rẹ̀ nù nítorí pé agbára ti jí, olùkọ́ náà ti fi ẹ̀mí ọmọ ènìyàn tayò.

Ṣùgbọ́n kí àwọn oníṣègùn pẹ̀lú má ṣe yára pe gbogbo rẹ̀ ní àìsàn. Lee Sannella, oníṣègùn ọpọlọ ní ìlú San Francisco, kọ ìwé kan ní 1976 láti fi hàn pé àwọn kan tí kundalini dé bá kì í ṣe aṣiwèrè, àti pé ìtọ́jú tí kò yẹ lè ṣe wọ́n ní ibi. Ní 1980 ni Christina Grof, ẹni tí irú ìmìra yìí ti dé bá nígbà tí ó ń rọbí, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà láti máa ran irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ní 1994, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi àyè kan sínú ìwé ìlànà wọn fún ìṣòro tí í ṣe ti ẹ̀sìn tàbí ti ẹ̀mí, èyí tí a kò kà sí àìsàn ọpọlọ.

Ewu kejì ni olùkọ́ tí ń fi ìmìra àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe ẹ̀rí ìwà mímọ́ ara rẹ̀. Amrit Desai, tí a ti dárúkọ, ń kọ́ àwọn tí ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ pé kí wọ́n pa ara wọn mọ́. Ṣùgbọ́n ní 1994 ó fi ipò rẹ̀ sílẹ̀, nígbà tí ó jẹ́wọ́ pé òun ti bá àwọn obìnrin kan nínú àwọn ọmọlẹ́yìn òun lò pọ̀. Ní 1983, lẹ́yìn ikú Muktananda, a tẹ ẹ̀sùn irú rẹ̀ jáde sí òun náà nínú ìwé ìròyìn kan ní Amẹ́ríkà. Ní 2020, ìwádìí tí àwọn ẹgbẹ́ tí Yogi Bhajan dá sílẹ̀ fúnra wọn béèrè fún parí rẹ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ó ti hu irú ìwà bẹ́ẹ̀ sí àwọn obìnrin, ju kí ó má hù ú lọ. Àwọn tí ara wọn mì lábẹ́ ọwọ́ àwọn olùkọ́ wọ̀nyí kò tan ara wọn jẹ: òtítọ́ ni pé ara wọn mì. Ibi tí wọ́n ti ṣìnà ni pé wọ́n rò pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ara tiwọn jẹ́ ẹ̀rí nípa ọkàn ẹlòmíràn.

VIII. OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢE

Bí irú ìmìra yìí bá dé bá ẹnì kan nínú ilé wa, ẹ má ṣe pariwo lé e lórí, ẹ má sì ṣe di í ní okùn. Ẹ jẹ́ kí ó la ojú rẹ̀, kí ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ ilẹ̀, kí ó mu omi. Kí ó dá ìdarí èémí àti àṣàrò dúró fún ìgbà díẹ̀. Kí ó jẹun dáadáa, kí ó sùn, kí ó rìn, kí ó fi ọwọ́ ṣe iṣẹ́: kí ó ro oko tàbí kí ó fọ aṣọ. Kí ó sì sọ ọ́ fún ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀lé, nítorí pé ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Ẹ mú un tọ oníṣègùn lọ láìpẹ́ bí ó bá jẹ́ pé kò mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ ń mì. Bí ó bá gé ahọ́n rẹ̀ jẹ tàbí tí ìtọ̀ bọ́ lára rẹ̀. Bí ìmìra náà bá ń dé lẹ́nu iṣẹ́ àti lójú ọ̀nà, tí kò sì dá nígbà tí ó fẹ́ kí ó dá. Bí ó bá lo òru mélòó kan láìsùn. Bí ó bá ń gbọ́ ohùn tí ń pàṣẹ fún un. Tàbí bí ó bá ń sọ pé òun yóò pa ara òun lára. Ẹni tí ó ní wárápá tàbí àrùn ọkàn, àti aboyún, kò gbọdọ̀ ṣe èémí ẹwìrì rárá láìjẹ́ pé oníṣègùn gbà á láyè.

Bí kò bá sí ọ̀kan nínú wọ̀nyí, tí ara rẹ̀ sì dá, ẹ jẹ́ kí a wo èso rẹ̀. Ṣé ó ti túbọ̀ ní sùúrù fún ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀? Ṣé ó ń san gbèsè rẹ̀? Ṣé ó ṣì ń gbọ́ ìbáwí? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ire ni fún un, ìbáà mì tàbí kí ó má mì. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń gbọ̀n lórí ẹní rẹ̀ lójoojúmọ́, tí ó sì di agbéraga láàárín ilé, tí kò náání iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, ara rẹ̀ nìkan ni ó mì. Ìwà rẹ̀ kò tíì sún kúrò níbi tí ó wà.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀWỌN ẸGBẸ́ ÌKẸ́KỌ̀Ọ́

1. Kí ni ìtumọ̀ kundalini, níbo ni wọ́n sì ní ó sùn sí?
2. Ọ̀nà mélòó ni a gbà ń lo ọ̀rọ̀ náà kriya nínú ẹ̀kọ́ yìí?
3. Ipele wo ni Hathapradipika fi ìgbọ̀nrìrì sí? Kí ni a rí kọ́ nínú èyí?
4. Kí ni ó fi ọkàn Muktananda balẹ̀, kí sì ni Gopi Krishna kò rí?
5. Ṣe àlàyé ìdánwò tí Faraday ṣe ní 1853. Èé ṣe tí a fi sọ pé àwọn ènìyàn náà kò purọ́?
6. Dárúkọ àmì mẹ́rin tí ó fi hàn pé a gbọ́dọ̀ mú ẹni tí ara rẹ̀ ń mì lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣègùn.